Ọ̀bẹ Tí Kò Tíì Jẹun

Irọ́ tí Ràmọ́nù pa mọ́ Jẹ́láàní kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà ló lé Jẹ́láàní kúrò nílé ìwé.

Ayé Faransé ni. Nílé ìwé Ìfọ̀nyìn nígbà náà, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá láti ìgbà tí aago bá ti lù títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Èyí tí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, olùkọ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní Mùsíé, yóò so egungun màlúù kan mọ́ ọn lọ́rùn. Sínyáàlì ni orúkọ egungun náà. Ọmọ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ yóò máa ṣọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku; bí ó bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, á bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀, á gbé e kọ́ ọrùn tẹni yẹn. Ẹni tí aago ìjáde bá bá a lọ́rùn rẹ̀ ni yóò jẹgba, òun náà ni yóò fọ ilé ìyàgbẹ́. Ọrùn tí egungun yìí ti gbé pọ̀ débi pé ó ń dán, òógùn ọmọdé ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú.

Lọ́jọ́ kan, Sínyáàlì di àwátì. Mùsíé béèrè ẹni tó wà lọ́rùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ràmọ́nù bá dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Jẹ́láàní ni, ó fi bí ọdún méjì jù ú lọ, orí ẹní kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń sùn. Ó na ìka sí àbúrò rẹ̀, ó fi Faransé tó já geere sọ pé:

"Jẹ́láàní ni, Mùsíé. Inú kànga ló jù ú sí."

Jẹ́láàní fò sókè, ó ní òun kọ́. Ẹ̀rù sì bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ohun tó pa ẹjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n nà án fún egungun, wọ́n tún nà án fún Yorùbá. Mùsíé ní kò gbọdọ̀ padà wá àfi tí bàbá rẹ̀ bá fa àgbò wá fi tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní àgbò tí òun yóò fi ra egungun, ó gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Ràmọ́nù ka tirẹ̀ já, ó gba sẹ́tífíkà. Jẹ́láàní di olóko ẹ̀gẹ́.

Inú àwọn ènìyàn kan dà bí ajere, ohun tí ẹ bá dà sí i ni yóò jò lọ. Inú Jẹ́láàní, ìkòkò aró ni; ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí mọ́. Láti ọjọ́ náà kò pe Ràmọ́nù ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Ìwọ" ló ń pè é, níwájú àgbà, níwájú ọmọdé. Nígbà tó ní ilé tirẹ̀, ó ra òbúkọ kan, ó sọ ọ́ ní Ẹni-Ó-Ṣe-É-Mọ̀, kí ó lè máa pariwo orúkọ yìí bí Ràfátù, ìyá Ràmọ́nù, bá ń kọjá. Ràfátù náà kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ó ra àgbò, ó sọ ọ́ ní Kò-Tíì-Gbàgbé. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, Jẹ́láàní á máa pe òbúkọ, Ràfátù á máa pe àgbò, agbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Jẹ́láàní nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún Iléyá kan, nígbà tí àwọn méjèèjì ti di géńdé, ó dìde lẹ́yìn ìrun, lójú gbogbo jàmáà, ó bi Ràmọ́nù pé: "Ta ló ju Sínyáàlì sí kànga?"

Ẹ̀ṣẹ́ ni Ràmọ́nù fi dá a lóhùn. Eyín iwájú kan bọ́ sínú yanrìn.

"Bí o bá tún bi mí ní ìbéèrè yìí," ni Ràmọ́nù wí, "pípa ni n óò pa ọ́."

Kò pẹ́ sí i tí Ràmọ́nù fi kó lọ sí Èkó, tó lọ ń ru sìmẹ́ǹtì ní èbúté Àpápá. Ìbéèrè náà kù sí Jẹ́láàní lẹ́nu, ó ń gbé ibẹ̀ lọ.

Ọdún tí Nàìjíríà lé àwọn àlejò ni Ràmọ́nù tó padà. Lọ́dún náà, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kún fún ènìyàn bí ìgbà tí omi ya wọ ilé eèrà: ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, eruku ọyẹ́ lójú, gbogbo wọn ń gba Ìgòlò wọlé. Ìjọba ìyípadà, ti àwọn ológun, ló wà lórí àlééfà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ilé ìwé àtijọ́ náà. Délégué, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò, a máa pe ìpàdé síwájú ògiri yìí, a sì máa sọ fún wọn pé kí kálukú kọ́ bí a ti ń ka èdè abínibí rẹ̀, pé èdè ìyá ẹni kì í ṣe ohun ìtìjú mọ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Jẹ́láàní wo ògiri, ó wo délégué. Ó retí kí inú bí òun. Inú kò bí i. Ó retí kí ẹ̀rín pa òun. Ẹ̀rín kò pa á. Àfi bí ẹni pé ìlú mìíràn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé, Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ ń yan gàrí. Èéfín bo ojú rẹ̀.

"Bàbá Fàtímọ̀, ẹ ti gbọ́? Ràmọ́nù ti dé. Ilé ìyá rẹ̀ ló wà. Àpò kan péré ló gbé bọ̀."

"Mo gbọ́."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe sí kí ni?"

Sẹ̀kínátù tún dojú kọ gàrí rẹ̀. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ yìí, ó mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn bá tì.

Ohun tí Jẹ́láàní fẹ́ ṣe kò le. Ó fẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fẹ́ kí Ràmọ́nù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí etí ènìyàn gbọ́, kí òun sì gbé e kúrò lọ́rùn kí òun tó kú. Ṣùgbọ́n ahọ́n a máa wá ibi tí eyín ti yọ, ó sì rántí ẹ̀ṣẹ́ náà. Ọkùnrin tó ti ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì láti ọdún yìí wá, báwo ni apá rẹ̀ yóò ti rí báyìí? Olóko ẹ̀gẹ́ kò lè fi ọwọ́ lásán bi irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgòlò.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Victorin, tó ń ta tọ́ọ̀ṣì, bátìrì àti àgádágodo lórí pátákó lẹ́bàá ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o! Kí lẹ ń wá? Mo ní tọ́ọ̀ṣì tó lè fi ojú olè hàn láti ibí dé Làgbé."

"Ọ̀bẹ."

"Ti ìdáná?"

"Rárá."

Victorin wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Bon. Ti ojú ọ̀nà nìyẹn." Ó fa nǹkan dúdú kan yọ lábẹ́ aṣọ tó tẹ́ sórí pátákó. "Ẹ wo èyí. Ó ká sínú ilé rẹ̀ bí ìgbín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yọjú." Ó fi èékánná fà á, ó ju ọwọ́. Ká! Irin funfun kan nà gbọọrọ. "Ẹ rí i? Ẹni tó ń bọ̀ wá lù yín á rántí pé òun fi ìyàwó sílé."

"Níbo ni wọ́n ti rọ ọ́?"

"Òkè òkun ni, bàbá. Ojúlówó."

"Òkè òkun wo?"

Victorin yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ònítṣà."

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ará Ònítṣà náà ń wo òkun láti òkèèrè!" Jẹ́láàní kò rẹ́rìn-ín. Ó ná ọ̀bẹ náà, ó sanwó, ó sọ ọ́ sínú àpò ṣòkòtò, ó gun kẹ̀kẹ́.

Nígbà tó dé abẹ́ ọ̀pẹ kan tí èrò kò sí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ ọ́ wò dáadáa.

Ní kíká, kò gùn ju ìka àárín rẹ̀ lọ. Èèkù rẹ̀ kì í ṣe igi, kì í ṣe ìwo, ike ni, wọ́n gé e ní wáyawàya kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́. Ìṣó kéékèèké mẹ́ta ló dì í mú. Ọ̀kan nínú wọn kò wọlé tán, ó ń ha ọwọ́. Lára irin náà, wọ́n fa ojú tóóró kan tí èékánná yóò máa wọ̀ láti fi ṣí i. Ó fi èékánná rẹ̀ sí i. Èékánná olóko ni, iṣẹ́ ti jẹ ẹ́ dé ẹran. Ó yọ̀. Ó tún fi sí i. Nígbà tí ó ṣí, ó ṣí lójijì, bí ẹni tí inú bí. Ó gbóòórùn bí epo tí télọ̀ ń dà sí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú rẹ̀ ń dán, Jẹ́láàní sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó dà bí ojú ẹlòmíràn.

Ó fi gún afẹ́fẹ́. Ó tún gún un. Ojú tì í díẹ̀, ó dáwọ́ dúró.

Ó ti rò pé bí òun bá ti di ọ̀bẹ mú, ọkàn òun yóò sọ kúlú, ẹ̀jẹ̀ òun yóò gbóná. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó wúwo díẹ̀ ju bí ó ti yẹ kí nǹkan kékeré wúwo lọ, ìyẹn nìkan ló kíyè sí. Ahọ́n irin kan wà lẹ́yìn èèkù tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ó tó ká padà. Victorin kò sọ fún un. Ó fi agbára tì í, ahọ́n náà tàsé, ọ̀bẹ sì pa dé mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà bí ó ti ń kán sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ó dun òun. Ó dúró dè é títí, kò dùn ún tó bí ó ti yẹ. Ó fa ewé, ó wé e mọ́ ọn, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Sẹ̀kínátù kọ́kọ́ rí ewé, lẹ́yìn náà ló rí ọ̀bẹ.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe, bàbá Fàtímọ̀?"

"Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi ènìyàn."

"Ìbéèrè wo ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ bi ènìyàn?"

Jẹ́láàní ti ọ̀bẹ náà bọ àpò.

"Ó ti jẹun?" ni Sẹ̀kínátù béèrè.

"Rárá."

"Ẹ̀yin ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ lẹ̀ ń ṣe báyìí? Àní ó ti tọ́ ẹ̀jẹ̀ yín wò kó tó tọ́ oúnjẹ wò!"

Ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n lóòótọ́. Bàbá bàbá Jẹ́láàní, tó tún jẹ́ bàbá bàbá Ràmọ́nù, ló fẹ́ iná kẹ́yìn níbẹ̀ kó tó gba ẹ̀sìn ìmàle, ṣùgbọ́n òfin irin kò bá ẹwìrì lọ. Irin tuntun tó bá wọ ilé wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun. Ẹni tó ni ín yóò fi gé nǹkan jíjẹ, òun àti ẹnì kejì yóò sì jọ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ purọ́ títí oòrùn ọjọ́ náà yóò fi wọ̀. Àwọn ọmọ ilé tó ti dé Mẹ́kà pàápàá kì í fi ìyẹn ṣeré.

"Ìwọ wá bá mi jẹ ẹ́," ni Jẹ́láàní wí.

Sẹ̀kínátù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìyẹ̀fun gàrí ń bọ́ lára wọn. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń gbé gàrí lọ sọ́jà lọ́la? Kí oníbàárà bi mí pé ṣé ó ti gbẹ dáadáa, kí n sọ òótọ́ fún un? Ẹ wá ẹlòmíràn."

"Lónìí ni mo ní kí o jẹ ẹ́. Oòrùn á ti wọ̀ kí ọ̀la tó dé."

"Clémentine tí a jọ ń lọ sọ́jà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí wá wo gàrí tí mo fẹ́ pín tà fún un. Mi ò lè jẹ ẹ́!"

Bí ọ̀bẹ náà ti sùn láìjẹun nìyẹn. Sẹ̀kínátù ni kò sùn. Irin tí ebi ń pa nínú àpò ọkọ rẹ̀, kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lówùúrọ̀, Jẹ́láàní di àpò gàrí ìyàwó rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí oríta tí àwọn obìnrin ti ń dúró de ọkọ̀ Ìgòlò. Àtíbàbà kan wà níbẹ̀ àti bẹ́ǹṣì gígùn kan. Sẹ̀kínátù àti Clémentine ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìyá oníṣòwò mìíràn. Clémentine, ìyàwó onígbàgbọ́ kan láti Kò-Kúmọ́lú, to ọ̀pẹ òyìnbó sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń bú awakọ̀ tí kò tíì dé.

Ràmọ́nù jókòó ní ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì.

Jẹ́láàní fi kẹ̀kẹ́ ti igi. Ó wò ó. Apá tí ó ti ń rò láti ìgbà yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ rí bí igi ìdáná, iṣan rẹ̀ yọ síta, ẹ̀wù sì ṣò lára rẹ̀. Èjìká kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, bí ẹni pé àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣì wà níbẹ̀. Ó wúkọ́, ó tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jẹ́láàní mọ̀ pé ó yẹ kí òun káàánú rẹ̀, tàbí kí òun yọ̀ ọ́. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó kàn rìn lọ síwájú rẹ̀, ó dúró.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn," ni ó wí.

Ràmọ́nù gbójú sókè. Ó mọ ìbéèrè tó ń sọ. Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó ń fa ara rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀.

Jẹ́láàní rò pé ẹ̀ṣẹ́ ń bọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọ̀bẹ yọ. Ó fi èékánná wá ojú tóóró yẹn, kò rí i. Àtàǹpàkò rẹ̀ tó wé kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú kan. Ó fà á, ó yọ̀. Ó yí i padà, ó fà á láti ìdí. Ó yọ̀. Òógùn bò ó lójú. Gbogbo àtíbàbà ti ń wò ó.

"Mais, kí ni bàbá yìí ń bó?" ni Clémentine béèrè. "Ẹ̀pà ni?"

"Sẹ̀kínátù, lọ bá ọkọ rẹ ṣí i," ni obìnrin mìíràn wí, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.

Sẹ̀kínátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

Ràmọ́nù na ọwọ́. "Mú un wá."

Jẹ́láàní kò mọ ohun tó mú òun gbé e fún un. Bóyá nítorí pé ohùn ẹ̀gbọ́n ni, ohùn tó máa ń pàṣẹ fún un lórí ẹní nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé pé kó sún síwájú. Ràmọ́nù gbà á, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka méjì fa irin rẹ̀. Ká! Ó ṣí.

Báyìí, ọ̀bẹ ṣíṣí wà lọ́wọ́ Ràmọ́nù, Jẹ́láàní sì dúró níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo. Ó ronú pé ibi tí òun yóò kú sí nìyí, níwájú àpò gàrí. Ó ronú rẹ̀ bí ẹni tó ń ronú pé òjò lè rọ̀. Kò sún sẹ́yìn.

Ràmọ́nù gbé irin náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi èékánná ta á, ó gbé etí sí i, bí àwọn àgbà ilé wọn ti máa ń ṣe.

"Irin rẹ̀ rọ̀," ni ó wí. "Wọ́n rọ ọ́ fún títà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú." Ó wo àtàǹpàkò Jẹ́láàní. "Mo rí i pé o ti mọ̀. Ó ti jẹun?"

"Rárá."

"O ń gbé irin tí kò tíì jẹun kiri ojú ọ̀nà?" Ohùn Ràmọ́nù yí padà, ó dà bí ẹni tí wọ́n mú eegun òkú wá sílé rẹ̀. Kò gbé ọ̀bẹ náà fún un lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, ó yí èèkù rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Jẹ́láàní, ó sún sẹ́yìn.

Sẹ̀kínátù ló kọ́kọ́ ṣe nǹkan. Ó mú ọ̀pẹ òyìnbó kan nínú apẹ̀rẹ̀ Clémentine, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ.

"Sẹ̀kínátù! Ọjà mi!"

"Wàá rí i gbà. Dákẹ́ ná."

Jẹ́láàní jókòó, ó gé e. Ọ̀bẹ náà kúrú, kò lè la ọ̀pẹ òyìnbó kọjá; ó ní láti máa yí i ká, kí ó máa gé e láti ẹ̀bá, omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ọwọ́ rẹ̀, ó ń wọ ojú ọgbẹ́. Ó gé bíbẹ méjì. Ó jẹ ọ̀kan. Ó dùn, tàbí ó yẹ kí ó dùn. Ó na ọwọ́ sí ìkejì, ó gbé e sórí ewé, ó tì í sí iwájú Ràmọ́nù.

Ràmọ́nù wò ó. Ẹni tó bá wo ọrùn rẹ̀ nígbà náà yóò mọ̀ pé kò tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àná. Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sì fọwọ́ kan án.

"Tí mo bá jẹ ẹ́," ni ó wí, "o máa bi mí."

"Mo máa bi ọ́."

"Tí mi ò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Má jẹ ẹ́. Màá padà sóko."

Ariwo ọkọ̀ ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìfọ̀nyìn. Àwọn obìnrin kan dìde, wọ́n ń wá òṣùká wọn. Clémentine na ọwọ́ sí awakọ̀ pé kó dúró, ṣùgbọ́n kò kúrò níbi tó wà. Ó fẹ́ gbọ́.

"Ìwọ ti jẹ tìrẹ," ni Ràmọ́nù wí. "Irọ́ kò sí lẹ́nu rẹ báyìí. Èmi náà á bi ọ́. Kí lo ra ọ̀bẹ yìí fún? Láti pa mí?"

Jẹ́láàní la ẹnu. Ohun tó ti mú sílẹ̀ láti sọ ni pé ọkùnrin kì í rìn ní ọwọ́ òfìfo. Ó fẹ́ sọ pé olè pọ̀ lọ́nà. Kò lè sọ ọ́; adùn ọ̀pẹ òyìnbó ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn obìnrin, ó wo awakọ̀ tó ti yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀rù rẹ ló bà mí," ni ó wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Láti ọjọ́ Iléyá yẹn ni ẹ̀rù rẹ ti ń bà mí. Mo rà á kí o má baà lù mí tí mo bá béèrè."

Ràmọ́nù wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ṣí wọn, ó tún pa wọ́n dé, bí ẹni tó ń wá ohun tí wọ́n ní èèyàn ń bẹ̀rù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú bíbẹ ọ̀pẹ òyìnbó náà. Ó jẹ ẹ́ tán, tòun ti ibi líle àárín rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Béèrè," ni ó wí.

"Ta ló ju Sínyáàlì sí kànga?"

Ràmọ́nù sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mi ò gbọ́."

"O gbọ́."

"Èmi gbọ́. Àwọn wọ̀nyí ò gbọ́."

Ràmọ́nù wúkọ́. Ó di òpó àtíbàbà mú.

"Ìyá mi ló wá sí ẹnu ọ̀nà kílàsì lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí, kò wo ẹnikẹ́ni. "Ó gbé àkàsà wá fún mi. Ó pè mí, mo jẹ́ ẹ. Kí ni ǹ bá fi jẹ́ ẹ? Ìyá mi kò gbọ́ Faransé. Níṣojú rẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ́ mi lọ́rùn, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún mi. Mo lọ sí ìdí kànga; ọmọ tó gbé e kọ́ mi, mo ní n óò lù ú bí ó bá sọ ọ́. Nígbà tí Mùsíé béèrè, mo wo gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni Faransé rẹ kéré jù. Mo mọ̀ pé o ò ní lè fi jà."

Omi ọ̀pẹ òyìnbó ti gbẹ mọ́ Jẹ́láàní lọ́wọ́, àwọn ìka rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó ń retí kí nǹkan kan ṣí nínú òun.

"Ẹ̀yin èrò, ṣé ẹ̀ ń lọ àbí ẹ ò lọ?" ni awakọ̀ pariwo.

"Dúró síbẹ̀!" ni Sẹ̀kínátù kígbe mọ́ ọn. Ó yíjú sí Ràmọ́nù. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì dárúkọ."

Ràmọ́nù fi òpó sílẹ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé ohùn sókè débi tí awakọ̀ pàápàá fi pa ẹ́ńjìnnì láti gbọ́.

"Èmi Ràmọ́nù ni mo ju Sínyáàlì sí kànga. Jẹ́láàní kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."